Kọ́kọ́rọ́ Inú Kànga

"Ta ni ìyá rẹ fa kọ́kọ́rọ́ ilé yìí lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ?"

 Sàwúdátù mọ ìdáhùn náà bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, ìdáhùn ọ̀hún gan-an ló sì ń bà á lẹ́rù. Àwọn àgbà Yorùbá mẹ́ta jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò nínú agboolé kan ní Sawaba, ní Kùmásí, Nana Yaa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá Àṣáńtì yìí ló ti ń ṣọ́ ilé náà láti ọdún 1969 tí ìjọba Gánà ti ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn kúrò nílùú. Ọdún kejìlélógún rè é. Ọkùnrin méjì ti wá pe ara wọn ní ọmọ Àáfà Sànúsí tó ni ilé, Nana Yaa ní irọ́ ni wọ́n ń pa, àwọn àgbà sì lé wọn lọ. Bí wọ́n bá lé Sàwúdátù náà, ilé bàbá rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, nítorí bàbá àti ìyá ti kú sí Ìlọrin.

Lánàá, Bàbá Bákàrè tó gbà á sílé ní Aboabo ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ.

"Sọ pé ìyá rẹ fún Nana Yaa ni, pé wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún. Inú ìyá àgbà á dùn. Wàláhì, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

Bàbá ń fi Ọlọ́run búra sórí irọ́, ojú ò sì tì í rárá.

Sàwúdátù wo Nana Yaa. Ó rántí ara rẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, létí kànga, tó di ìró ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí. "Kò fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bàbá mi ní kó fún Nana Yaa. Ìyá mi ní olè ni Nana Yaa, pé kí ọkọ̀ wa tó kúrò ní Kùmásí, yóò ti palẹ̀ yàrá mọ́. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú kànga."

Bàbá Bákàrè tó tẹ̀lé e wá fọwọ́ bojú. Sàwúdátù ti ń wá àpò rẹ̀ nílẹ̀, ó gbà pé òun ti fẹnu ara òun ba ti òun jẹ́.

Nana Yaa dìde, ó rọra rìn wá síwájú rẹ̀.

"Aane," ló fi èdè Àṣáńtì wí, ó wá bọ́ sí Yorùbá tó kọ́ nínú ilé náà. "Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo gbọ́ ọ. Àwọn tó wá ṣáájú sọ pé èmi àti ìyá rẹ dì mọ́ra ni. Ta ló máa wá gba ilé lọ́wọ́ mi, tó máa pè mí lólè lójú mi, bí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ igi. "Àlàámúdù lílàì," ni àgbà tó bi í léèrè wí. "Ọmọ Sànúsí ti dé."

Nana Yaa tú etí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan, ó fi lé Sàwúdátù lọ́wọ́. "Mo já àgádágodo yẹn, mo ra òmíràn. Abẹ́rẹ́ ìyá rẹ kan ò sọnù."

Inú Sàwúdátù dùn. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ foríjì ìyá mi, Nana."

"Ó pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnìkan láti ilé yín sọ ìyẹn fún mi," ni ìyá àgbà dáhùn, ó sì yíjú sápá kan kí wọ́n má baà rí omijé rẹ̀.

Sàwúdátù lọ fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà. Kò wọlé. Ó bọ́ sápá kan, ó dúró, títí Nana Yaa fi kọ́kọ́ wọlé.