Ojú Ìwé Ogójì, Níbi Tí Mo Ti Kú

Ìbò méje ní mo wà láàyè, ìbò méje ní mo ti kú. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tó kù kò tíì dìbò, nítorí pé ó ti di òbúkọ, ẹnu rẹ̀ sì kún fún bébà. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì ní ìrọ̀lẹ́ àná, nínú àlá tí mo lá lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi. Ẹ̀yin tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yìí, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà kò tíì dé, a sì ráyè.

Ọdún márùn-ún rèé tí wọ́n ti yọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró mi tó ti bàjẹ́, tí wọ́n fi ti olóògbé kan rọ́pò wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti wà nínú ìwádìí kan tó ń tọpa àwọn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún: mélòó ló ṣì wà, kí ló pa àwọn tó kú, òògùn wo ló gbé àwọn yòókù dúró. Ọ́fíìsì ìwádìí yìí ló ń fún mi ní òògùn tí mò ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́. Orí òògùn náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Nínú àlá, mo lọ gba ti oṣù yìí. Mo bá ilé ìwòsàn ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ìwádìí ti kúrò nílẹ̀. Ó léfòó lókè, gíga rẹ̀ tó igi àgbọn mẹ́ta. Mo bi ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Èémí yín ni, bàbá. Ṣé ẹ rántí àpò rọ́bà tí wọ́n máa ń ní kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí? Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró yín. Kò sẹ́ni tó tíì wọ̀n ọ́n. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń kó o pamọ́ sí yàrá fáìlì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ilé gbéra."

Mo ní ó yé mi. Ó sì yé mi lóòótọ́.

"Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀?"

"Ẹ mí sínú, kí ẹ má mí síta."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì kúrò nílẹ̀. Mi ò tíì ga ju géètì lọ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láyà mi.

Ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀: "Ìwọ òsì, fà á dáadáa! Ọ̀lẹ ni ọ́."

Òsì dáhùn pé, "Àyè dà? Ṣé o ò rí i pé ọkàn ló jókòó lé mi lórí?"

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì," ni ọkàn wí. "Àlejò ni gbogbo wa níhìn-ín. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá gbọ́ ohùn wa, wọ́n á jí."

Mo bi í pé, "Ẹ̀ṣọ́ wo?"

"Ẹ̀ṣọ́ ara yín, lánlọ́ọ̀dù. Òògùn àárọ̀ àti alẹ́ yẹn ló ń mú wọn sùn. Lọ́jọ́ tó bá tán, wọ́n á bi wá pé ọmọ ta ni wá, ta ló mú wa wọlé, a ò sì ní rí nǹkan sọ. Wọ́n á lù wá pa, ẹ̀yin náà á sì bá wa lọ. Hóró mélòó ló kù?"

"Mẹ́rin."

"Ẹ yára."

Mo bá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọ́fíìsì, wọ́n fi okùn so ara wọn mọ́ àga kí wọ́n má baà kan àjà. Alága wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjíbóyè, jókòó sí àárín. Akọ̀wé, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ṣí ìwé àbọ̀ ìwádìí wọn.

"Orúkọ yín, sà?"

"Adéyẹmọ Ọláwùnmí."

Ó fi ìka tọ ìlà kan, ó sì kúnlẹ̀. "Háà, bàbá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ ti kú ní ojú ìwé ogójì."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ẹ̀kọ́ ilé. Mo wá ṣàlàyé pé èmi gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Mo rí yín, sà. Ojú ìwé ogójì ni kò rí yín."

Alága wúkọ́. "Ọ̀gbẹ́ni Ọláwùnmí, ìwé àbọ̀ ìwádìí yìí ti jáde. A ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀, a ti jẹ, a ti mu, a ti ya fọ́tò. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé ìdajì wọn kú kí ọdún márùn-ún tó pé. Bí ẹ bá wà láàyè, ìdajì kò ní pé ìdajì mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ ìmọ̀ jẹ́ ni?"

"Rárá o, sà."

"Ẹ ò rí àgbà!"

"Òògùn mi nìkan ni mo wá gbà."

"A kì í fún òkú ní òògùn. Ìlànà ni."

Ọkàn mi kò lè mú un mọ́ra. Ó lu àyà mi gbì, ife tíì Alága sì mì. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ ò gbọ́ pé mò ń lù ni?"

"Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ọkàn ni, sà," ni mo wí.

"Ọkàn ta ni?"

Ọkàn kì í purọ́. Ó ní, "Ti olóògbé kan tẹ́lẹ̀."

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀," ni Alága ké. "Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé olóògbé!"

Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mo wà láàyè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Ìyẹn kò bá mi lójijì. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì mọ bí ìjọba ṣe máa ń to wa sórí ìlà kí wọ́n lè wò ó bóyá a ti kú. Fọ́tò pélébé méjì kì í wọ́n lápò mi. Mo gbé wọn kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ fi ọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò níwájú àti lẹ́yìn.

"Fọ́tò yìí wà láàyè dáadáa," ni akọ̀wé wí. "Ẹni tó mú un wá ni a ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí." Wọ́n bu omi fún fọ́tò náà pé kó mu.

Alága ní kí wọ́n dìbò. Kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ sókè, oúnjẹ ìpàdé wọlé. Alága sín lẹ́ẹ̀kan, ó di òbúkọ pẹ̀lú awò lójú. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n bọ́ nínú okùn, wọ́n di ewúrẹ́. Mo bi akọ̀wé bóyá ìpàdé ti túká.

"Kò túká, sà. Òfin wa kò sọ pé ọmọ ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ ní ìwo. Ẹni tó bá ní ẹ wà láàyè yóò fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá ní ẹ ti kú yóò kì í lẹ́ẹ̀mejì."

Wọ́n kilẹ̀, akọ̀wé sì kà á. Méje sí méje. Ó ku òbúkọ Alága. Kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rárá. Ó lọ síbi tábìlì akọ̀wé, ó fa ìwé àbọ̀ náà sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ojú ìwé kìn-ín-ní.

"Inú mi dùn fún yín, sà," ni akọ̀wé sọ sí mi létí. "Bó bá jẹ ogójì kí aago mẹ́rin tó lù, a ò ní ibi tí ẹ ti kú sí mọ́. Màá fún yín ní òògùn yín. Bí aago bá kọ́kọ́ lù, màá pa fáìlì yín dé."

Ó ń jẹ, obìnrin náà ń kà. Ọgbọ̀n. Márùndínlógójì. Méjìdínlógójì. Òbúkọ wá dúró. Ojú ìwé kọkàndínlógójì ni wọ́n tẹ fọ́tò Alága sí, ó wọ agbádá lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ewé kan náà ni ogójì wà. Kò sí bó ṣe lè jẹ ikú mi láìjẹ ojú ara rẹ̀.

Òbúkọ tẹjú mọ́ fọ́tò náà. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkàn mi bẹ̀ ẹ́. "Ẹ dijú, kí ẹ jẹ ẹ́."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì. Ìyàwó mi gbá mi léjìká.

"Bàbá Jọláadé, ẹ̀yin náà! Fóònù yín ti ń dún tipẹ́."

Mo gbé e sétí. Ohùn ọmọbìnrin kan ni, ó tutù bí omi àmù. "Ẹ káàsán o. Láti ọ́fíìsì ìwádìí ni. Ṣé a lè bá ìyàwó olóògbé Adéyẹmọ Ọláwùnmí sọ̀rọ̀?"

Mo na fóònù sí ìyàwó mi. "Ìwọ ni wọ́n ń pè."

Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Olóògbé bíi ti báwo? Èyí tó jókòó síwájú mi, tí itọ́ oorun ṣì wà létí ẹnu rẹ̀? Ẹ má fi irú eré yẹn bá mi ṣe o!"

Ọmọbìnrin náà bẹ̀bẹ̀ pé ohun tí òun bá nínú ìwé ni òun kà. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí èmi fúnra mi wá láàárọ̀ yìí.

Mo ti wá. Láti aago méje ni wọ́n ti gba káàdì mi wọlé. Hóró méjì ló kù sí mi lọ́wọ́: ti alẹ́ òní, àti ti òwúrọ̀ ọ̀la. Bí mo bá wà láàyè, wọ́n ní dókítà tó jẹ́ ọ̀gá wọn nìkan ló lè fọwọ́ sí i kí n tó gba òògùn, kò sì tíì wọlé.