Ó Ń Dún Lọ́dọ̀ Mi

Rédíò màmá mi ń pariwo láti yàrá kejì bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tàn án. Èmi jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń ṣa ẹ̀sùn.

Èmi àti àwọn kan tí a kò tíì fojú kanra rí la jọ ń ṣe áàpù ọ̀fẹ́ kan tó máa ń dún tí àkókò oògùn èèyàn bá tó. Ẹnikẹ́ni ló lè tú u wò, kó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kọ́ ló yá àwọn èèyàn lára, ẹjọ́ ni. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ka ẹjọ́ wọn, kí n ya èyí tó ní láárí sọ́tọ̀, kí n sì pa ìyókù dé. Ẹnì kan ní àwọ̀ rẹ̀ kò wu òun. Ẹlòmíràn ní kó máa bá òun wá ọ̀rẹ́bìnrin. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èyí tó tún wá ń bú ni lé e lórí ńkọ́?

Olórí wọn ni ẹnì kan tí mo sọ ní Aláriwo, nítorí lẹ́tà ńlá nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ. KÌ Í DÚN. Ó tán. Mo pa á dé, ó tún un ṣí. Ẹni tó kọ áàpù náà fèsì bó ṣe ń fèsì fún gbogbo ayé, pé ó ń dún lọ́dọ̀ òun. Èmi náà fi wáyà so fóònù mi mọ́ kọ̀ǹpútà, bí gbogbo wa ṣe máa ń dán an wò, ó dún gooro. Aláriwo tún padà wá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú mi.

Màmá mi náà ti mú irú ẹjọ́ yìí wá rí, nítorí áàpù yìí ló ń rán wọn létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Mo so fóònù wọn mọ́ wáyà, ó dún, mo dá a padà. Wọn kò sọ ọ́ mọ́.

Lọ́sàn-án yìí, Aláriwo kọ ọ́ pé: MO GBÉ E SÓRÍ TÁBÌLÌ, MI Ò FỌWỌ́ KÀN ÁN, KÒ DÚN. Inú bí mi. Mo ní n ó dójú tì í. Mo yọ wáyà, mo gbé fóònù sórí tábìlì bó ṣe wí, mo sì lọ fọ abọ́. Àkókò tó, ó kọjá, fóònù ò mira. Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án ló tó jí, tó wá ń dún. Fóònù tí kò sí lára wáyà máa ń sùn, áàpù wa á sì bá a sùn. Ti àwa tí à ń dán an wò kì í sì í kúrò lára wáyà.

Mo sáré wọ yàrá màmá mi. Páálí oògùn wọn ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo kígbe kí wọ́n tó gbọ́ mi lábẹ́ rédíò, mo bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi sọ fún mi.

“Kí ni n óò sọ? Ó ń dún, ìwọ náà ṣáà fi hàn mí. Etí mi ló ti ń di. Mi ò fẹ́ kó o máa dààmú.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó.

“Màmá, etí yín ò ṣe nǹkan kan. Áàpù wa ni kì í dún.”

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń yí ohùn rédíò náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń wí gbogbo ohun tí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ń wí tẹ̀lé e, títí èmi gan-an kò fi gbọ́ ọ mọ́.