Káàdì Tí Wọ́n Yọ Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Ń Sùn

Onífótò fa mẹ́mọ́rì káàdì yọ lára kọ̀ǹpútà tó ń sùn, bí ẹ̀rí tí ì bá sọ ọkọ àbúrò rẹ̀ sẹ́wọ̀n ṣe run nìyẹn.

Ẹ̀rí ọ̀hún kì í ṣe ohun téèyàn ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò rẹ̀ ló fi kámẹ́rà pa mọ́ sáàárín àwọn abọ́ lórí pẹpẹ. Nínú fídíò náà, Wẹ́dà, ọkọ rẹ̀, wé irun rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó tún gbá a, títí ògiri fi pọ́n. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ń la igi. Ọ̀la ni wọ́n máa gbé fídíò náà dé kóòtù.

Ìwà burúkú kan wà lọ́wọ́ Onífótò. Kì í kọ́kọ́ da iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Orí káàdì gan-an ló ti ń gé e, ó sì ń fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́ níbẹ̀. Ó ní ìyẹn ló yá. Kọ̀ǹpútà ṣì ń kọ fídíò náà sórí káàdì lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mì tìtì.

"Àǹtí, ẹ ṣílẹ̀kùn o! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bá yín ṣí i!"

Onífótò pa kọ̀ǹpútà dé, kọ̀ǹpútà sì sùn lọ. Ó fa káàdì yọ, ó tì í sínú kọ́mú, ó sì fi mẹ́mọ́rì káàdì ìgbéyàwó oníbàárà kan dípò rẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

Wẹ́dà fi ọ̀pá irin já ilẹ̀kùn wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Káàdì yẹn dà?"

"Lọ bi ìyá ẹ."

Ó la irin mọ́ ọn léjìká. Eegun ró. "Ẹ má bú ìyá mi. Mi ò bú yín." Ó tún là á mọ́ ọn lẹ́nu, eyín méjì bọ́ sílẹ̀.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà jí, kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ káàdì, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n jí láàárín ọ̀rọ̀. Ìdajì fídíò tó kù, orí káàdì ìgbéyàwó ló kọ ọ́ sí. Wẹ́dà fà á yọ, ó fi eyín fọ́ ọ, ó tu ú sílẹ̀.

"Ó dàbọ̀, Àǹtí."

Àbúrò rẹ̀ sáré wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ó ti bà yín lójú jẹ́!"

"Ojú mi kọ́ là ń gbé lọ sí kóòtù." Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ó fa káàdì yọ láyà. "Òmùgọ̀ yẹn, ti ìgbéyàwó ló jẹ. Gbà, tì í bọ kọ̀ǹpútà."

Fídíò kò ṣí. Wọ́n tún tì í wọlé, kò ṣí. Ìdajì ló wà níbẹ̀, ìyókù wà lórí èyí tí Wẹ́dà fi eyín fọ́, ti àtijọ́ sì ti pa rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ó wà níbẹ̀."



Ní kóòtù, Wẹ́dà ní ìyàwó òun yọ̀ ṣubú ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ búra pé kò kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n na Onífótò. Adájọ́ ní kó máa lọ sílé. Ó sì lọ. Kó tó di pé àwọn aládùúgbò já ilẹ̀kùn, ó ti fi àtàǹpàkò yọ ojú ọ̀tún ìyàwó rẹ̀.