Lẹ́tà Inú Bàlúùnù

Iṣẹ́ mi ni kí n máa rán bàlúùnù lọ sójú ọ̀run láràárọ̀. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á ní mò ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ yìí ni mo ti ń jẹun láti ọdún mẹ́fà. Mo máa ń fi gáàsì sí i títí á fi wú, màá so àpótí kékeré mọ́ ọn nídìí, màá sì tú u sílẹ̀. Àpótí náà ló ń sọ fún wa bí òkè lọ́hùn-ún ṣe tutù tó, àti bí omi inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó.

Ọ̀gá mi, tí a ń pè ní Bàbá Ojú-Ọjọ́, kì í fi òfin kan ṣeré.

"Má wo bó ṣe rí lójú o. Ìwọ̀n ni kó o wò. Tí òtútù bá mú, gáàsì á sún kì, á dà bíi pé kò tó. Àmọ́ tí oòrùn bá ràn án, tó tún débi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, á wú. Ṣáà fàyè sílẹ̀ fún un."

Lọ́jọ́ tó pé ọdún kan géérégé tí ìyá wa kú, òtútù mú gan-an. Kùrukùru bo àgbàlá ọ́fíìsì, ìrì ń kán lára irin fèrèsé, èémí mi sì ń jáde ní funfun, ó ń rá lọ sínú kùrukùru. Mo dúró, mo ń wò ó bí ẹni tí kò tíì jí. Omi inú mi ló ń lọ yẹn. Á gòkè, á di ìkùukùu, á sì rọ̀ sórí ilé ẹni tí n kò mọ̀ rí. Mo wá ń rò ó pé bóyá èémí Màmá ṣì wà lókè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti kọ lẹ́tà sí wọn.

Mo ká a sínú àpótí. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní orúkọ wọn lẹ pè kẹ́ ẹ tó dákẹ́. N ò gbọ́ nǹkan kan. Oorun ló gbé mi lọ."

Bàlúùnù náà rọ̀ jọwọrọ lójú mi, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Ṣé eléyìí á débi tí Màmá wà? Ìwọ̀n ní ó ti tó. Mo fi gáàsì kún un. Mo tún fi kún un.

Ó fò lọ. Oòrùn yọ, kùrukùru túká, kò sì pẹ́ tí àpótí dákẹ́, kò ránṣẹ́ mọ́.

"Gáàsì tó o fi sí i ti pọ̀ jù," Bàbá Ojú-Ọjọ́ wí. "Ó ti bẹ́. Kò sì sí atẹ́gùn lónìí. Àdúgbò yìí náà ló máa já bọ́ sí."

Ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Irọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń tu ara rẹ̀ nínú, nítorí kò sí nílé nígbà tí Màmá kú. Òun nìkan ló sì kù fún mi láyé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn ju ọdún kan lọ.

Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Alágbàfọ̀ ni. Ó há àpótí mọ́ abíyá, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Orí aṣọ tí mo sá ló já bọ́ sí," ó ní.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dìde, ilẹ̀ tutù." Ó fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọjọ́ keje tí ìyá Màmá kú ni wọ́n bí mi. Ìgbà wo ni Màmá forúkọ pè mí rí? 'Ìyá mi' ni wọ́n ń pè mí títí wọ́n fi kú."

Òótọ́ ni. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ tí Màmá kú ti gbé e kúrò lọ́kàn mi.

"Àtìgbà yẹn lẹ ti mọ̀?"

"Kó o tó panu dé."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi. "Òru mélòó lo fi tọ́jú wọn láìsùn, kó tó di ọjọ́ yẹn?"

Mo ka òru náà lórí ìka. Ó dúró dè mí.

"Mẹ́sàn-án," mo ní, mo sì bú sẹ́kún.