Orúkọ Tí Ó Fi Ń Dánwò

"Àǹtí Yẹ̀ẹ́wò, ta ló yọ bàbá yìí kúrò lórí ìlà iṣẹ́ abẹ?"

Ọ̀gá ló ń béèrè. Àǹtí Yẹ̀ẹ́wò, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dán ètò kọ̀ǹpútà wò kí ilé ìwòsàn tó lò ó, yọjú wo orúkọ náà. Bàbá tirẹ̀ ni.

Ojú ewé méjì ló máa ń ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ti ìdánwò àti ti àwọn aláìsàn gidi, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ó ti sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó pé kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀," ni ọ̀gá máa ń sọ. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló sì fi ń dánwò, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Lójú ewé ìdánwò, ó ti pa bàbá yìí, ó ti jí i dìde, ó tilẹ̀ ti fún un lóyún rí. Láàárọ̀ yìí, ó fagi lé iṣẹ́ abẹ ojú tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un lónìí. Kó tó mọ̀ pé ojú ewé gidi lòun wà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá pé òun ni, àti pé bàbá òun ni.

"Kọ̀ǹpútà ti fi ìyá àgbà kan rọ́pò wọn," ni ọ̀gá wí. "Ìyá náà ti gbéra nílé. Ó sì tó oṣù mẹ́ta kí àyè míì tó yọ. Àmọ́ níwọ̀n bó ti jẹ́ bàbá yín ni, mo lè lé ìyá yẹn padà. Ẹ kàn sọ̀rọ̀."

Ó rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Bàbá rẹ̀ ń táràkà kiri inú ilé, ó ń fọwọ́ wá ògiri. Ìyá ẹlòmíì náà sì ti wà lọ́nà.

"Ẹ jẹ́ kí ìyá máa bọ̀, sà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí mọ́ títí ẹ ó fi ya ojú ewé méjèèjì sọ́tọ̀."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ilé.

"Bàámi, ṣé ẹ rí àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìwòsàn?"

"Èmi tí mi ò ríran, kí ni mo fẹ́ fi kà á? Mo ti wọ bàtà, mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà wo lò ń bọ̀ wá gbé mi?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ń bọ̀, Bàámi, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kọ́ là ń lọ. Èmi ni mo ṣèèṣì yọ orúkọ yín. Ẹ dárí jì mí."

"Ó dáa. Tó o bá dé, bá mi wò ó bóyá bàtà tí mo wọ̀ yìí tiẹ̀ bára mu."