Wàláà Tí Òjò Fọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín pé obìnrin kan ń gbé inú orí mi. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe àǹjọ̀nú. Obìnrin lásán ni, ó gbé àpótí ti ògiri, orín wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní iṣẹ́ méjì ju kó máa sọ fún mi pé kò ní í ṣeé ṣe lọ. Kí n tó jí, ó ti jí. Bí mo bá ní kí n gbin ata, á ní ewúrẹ́ aládùúgbò ni mo ń gbìn ín fún. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Gàfárù ọkọ mi, tí gbogbo èèyàn ń sunkún, òun nìkan ló ráyè bi mí pé ta ni yóò máa ro oko báyìí. Ìbéèrè gidi ni. Ohun tó burú nípa obìnrin náà nìyẹn, kì í sábà parọ́.

Orúkọ mi ni Kùdírátù. Abà Alágbẹ̀dẹ ni mo ti ń yan gààrí, ìrìn wákàtí kan ni béèyàn bá ti Mọ́níyà wọnú oko lọ. Lọ́dún 1994 tí mò ń sọ yìí, mo pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta, ó sì pé ọdún méjì tí mo ti ń lọ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ dànù, tí mo gbé wàláà lé itan, tí mò ń kéwú.

Ẹ rín in tán, ká lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, mo ti kéwú dé ìdajì kí bàbá mi tó yọ mí kúrò. Kòkó so gan-an lọ́dún náà, orí mi sì le, ó ṣeé ru ẹrù. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọbìnrin abà wa ló ń ṣe wólíìmọ̀ kó tó relé ọkọ. Wọn á wé láwàní fún un, á jókòó síwájú ìjọ, á ké súrà Yásínì láti orí, ìyá rẹ̀ á máa fi gèlè nu ojú. Ẹ̀yìn fèrèsé ni èmi ti wo ti àwọn ẹgbẹ́ mi. Nígbà tó kàn mí, mo wọlé Gàfárù bí ẹni gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí ìjà kékeré bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ìyálé mi Mùjíbátù, tí wọ́n gbé níyàwó wá láti ọ̀nà Olódò, kì í bá mi pariwo. Wọn á kàn ní ìyàwó tí kò ṣe wólíìmọ̀ kì í gbóhùn sókè. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀rọ̀ ń parí síbẹ̀.

Kí ló dé tí mi ò gbàgbé ẹ̀? Ojú mi ni. Èéfín ìdí agbada ti ń wọ̀ ọ́ láti ogún ọdún ó lé. Nọ́ọ̀sì tó wò ó ní Mọ́níyà ní awọ ti ń bo ẹyinjú mi méjèèjì, ó ní kí n kọ èéfín sílẹ̀. Mo ní ta ni yóò wá máa bọ́ mi. Ó ní kí n ṣáà tọ́jú ara mi. Kí n tó dé títì, obìnrin inú orí mi ti parí ìṣirò: ó ní tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, mi ò ní mọ lẹ́tà alífù yàtọ̀ sí igi ìdáná. Nítorí náà, bí kì í bá ṣe ọdún yìí, kò sí ìgbà kankan mọ́.

Àlùfáà Sàníù ló ń kọ́ wa. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bí i. Bó bá wé láwàní, ẹ̀yin ni mo ń pè é. Bó bá ṣí i, ìwọ. Kò lè na èmi tí mo wẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹní ló ń nà. Bí mo bá ṣi ẹsẹ kan ké, á yọ pàṣán, á fi bo ẹní ẹ̀gbẹ́ mi, eruku á sọ lálá, gbogbo ọmọ kéwú á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Èmi ló ṣẹ̀, àwọn ló ń wúkọ́. Òfin rẹ̀ kò sì ní ojúsàájú: ẹni tó bá máa ṣe wólíìmọ̀ ní Sátidé gbọ́dọ̀ ké Yásínì tán lórí ní Tọ́sìdeè, níwájú àwọn àgbà, láìwo wàláà, láìsí ẹni tó ń rán an létí. Ẹni tó bá kùnà, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn.

Ẹ̀yin ẹ wo irú ọdún tí mo lọ mú. Àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì daṣẹ́ sílẹ̀, kò sí bẹntiróòlù, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń bá gbogbo abà rin ẹ̀gẹ́ dákẹ́ síbẹ̀ bí àna tó ń bínú. Ẹ̀gẹ́ tá a bá sì ti wú, kò ṣeé dá padà sínú ilẹ̀. Ìyálé mi lu ihò sára páànù àlòkù, a fi ń rin ín lọ́wọ́, àwa opó méjèèjì. Ìka wa bó. Ìdajì ẹ̀gẹ́ náà jẹrà kí a tó dé orí rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé èyí tí kò ṣeé gbé dé ọjà la ó fi omi rẹ, tí a ó mu ún, tí a ó sì sùn.

Ìdí agbada yẹn náà ni mo ti ń kéwú. Agbada tèmi àti ti Ìyálé kọjú síra. Mo bá fi àfọ́kù igbá gbá gààrí lọ sọ́tùn-ún, gbólóhùn kan. Mo gbá a bọ̀ sósì, gbólóhùn kejì. Bí iná bá ń kú, mo dúró, mo ti igi sí i, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìyálé á ní gààrí ọ̀run ni mò ń yan, ti ayé ń jóná. Wọ́n sì ń sọ òótọ́, nítorí ó máa ń jóná.

Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Tọ́sìdeè náà ni Àlùfáà Sàníù kọ apá tó kẹ́yìn Yásínì sórí wàláà fún mi, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà nítorí ojú mi, ó ní òun ń lọ síbi òkú kan ní ìhà Lágelú, ó di Tọ́sìdeè. Mo gbé wàláà ti òpó àtíbàbà tá a ti ń yan gààrí, mo sì ń ké e láti àárọ̀ bí igbá ti ń lọ tó ń bọ̀. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tán tí ojú ọ̀run fi dúdú. Atẹ́gùn kọ́kọ́ wá, ó ká páànù orí àtíbàbà bí ẹni ká ẹní. Òjò tẹ̀ lé e. Iná méjèèjì kú. Ẹ̀gẹ́ tá a fi ọjọ́ mẹ́ta rin, tá a ti fún, tá a ti jọ̀, di ẹ̀kọ nínú abọ́. Nígbà tí mo fi máa rántí wàláà, pákó funfun ni mo bá. Tàdáwà tó fi kọ ọ́ ti ṣàn lọ sínú ẹrẹ̀.

Ẹni tó bá kéwú mọ bó ṣe rí. A kì í fọ wàláà àyàfi bí ẹ̀kọ́ bá ti wọ orí ẹni tó ni ín. Omi tá a fi fọ̀ ọ́, hàǹtú, ọmọ kéwú á mu ún kí ọ̀rọ̀ náà lè jókòó sínú rẹ̀. Tèmi, òjò ló fọ̀ ọ́, ilẹ̀ ló mu hàǹtú mi.

Obìnrin inú orí mi kò pariwo. Èyí tó dẹ́rù bà mí nìyẹn. Ó yọ orín lẹ́nu, ó ní, "Ṣé o wá rí i báyìí? Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti pa á rẹ́."

Mo wọlé, mo dùbúlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò dìde. Ọjọ́rú, Ìyálé gbé omi gààrí sẹ́nu ọ̀nà mi, mi ò mu ún. Mo ń wo àjà, mi ò sì rí àjà náà dáadáa, ó ń ṣe bí ìkùukùu. Mo ń rò ó pé ẹni tí ojú rẹ̀ ń lọ, tí oúnjẹ rẹ̀ lọ, tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, kí ló ń wá kiri láàárín àwọn ọmọdé? Mo gbìyànjú láti ké apá tí òjò fọ̀ náà lórí ẹní tí mo wà. Ọ̀rọ̀ kan kò jáde. Mo wá gbà fún obìnrin náà pátápátá. Mo ní ó borí.

Àárọ̀ Tọ́sìdeè, Ìyálé dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò kí mi.

"Ṣé o ò lọ ni?"

Mo ní n ò lọ. Mo ní òjò ti fọ wàláà, kò sí nǹkan kan lórí mi.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Àmọ́ bó o bá máa kùnà, lọ kùnà níwájú gbogbo wa. O ò ní gbé ìbànújẹ́ tí o ò tíì jẹ tán wá bá mi nídìí agbada. Èéfín ibẹ̀ tó mi."

Wọ́n bá tiwọn lọ. Inú bí mi débi pé mo dìde. Mo wẹ̀, mo wé ìborùn. Obìnrin inú orí mi ní níbo là ń lọ. Mo ní kó gbé àpótí rẹ̀ dání ká jọ lọ. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, kó wá jẹ́rìí níbẹ̀.

Iwájú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Bàbá Ṣítù tó jẹ́ Lémọ̀ọ́mù jókòó láàárín, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn. Gbogbo ojú wọn rí bákan náà lójú mi, bí ìṣù àkàrà inú epo. Ọmọbìnrin méjì ṣáájú mi, wọ́n ké tiwọn bí omi ẹ̀rọ. Wọ́n pè mí. Mo jókòó, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ọmọ gidi, mo ní, "Yásínì."

Ó tán.

Mo wá èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò rí i. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tún ní, "Yásínì." Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, wọ́n sì gbá a lẹ́nu. Àlùfáà Sàníù kò na ẹní. Ó gbé pàṣán sílẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tútù sọ pé Màmá, Ọlọ́run mọ gbogbo ìgbìyànjú yín. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn tútù yẹn, mo mọ̀ pé wọ́n ti ń sin mí.

Ohùn kan wá jáde láàárín àwọn obìnrin.

"Ẹ fún un ní igbá."

Mo mọ ohùn náà. Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní áà, Ìyálé, níbí náà? Lémọ̀ọ́mù gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní ibi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ibi ẹ̀sín.

Ìyálé dìde dúró. "Mi ò fi ṣẹ̀sín, Bàbá. Ọdún méjì ni mo ti jókòó dojú kọ ọ́ nídìí agbada. Bí ọwọ́ rẹ̀ ò bá lọ, ẹnu rẹ̀ ò ní í lọ. Ẹ fún un ní igbá kẹ́ ẹ wò ó."

Àwọn àgbà forí korí. Ẹnìkan ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Lémọ̀ọ́mù fọwọ́ pa irùngbọ̀n, wọ́n wá ní wàláà ni Sàníù fòfin dè, kò mẹ́nu kan igbá. Wọ́n gba àfọ́kù igbá kan lọ́wọ́ obìnrin tó fi ń bu ìyẹ̀fun, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Mo di ojú tí kò ṣe mí láǹfààní. Mo gbá ẹní lọ sọ́tùn-ún. Gbólóhùn kan jáde. Mo gbá a bọ̀ sósì, èkejì tẹ̀ lé e. Lọ́tùn-ún, lósì. Mo ń gbóòórùn èéfín tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo dé àárín, mo dúró. Mo gbọ́ tí Àlùfáà Sàníù mí kanlẹ̀, ó rò pé ó ti tán nínú mi.

"Ẹ ṣe sùúrù," ni Ìyálé wí. "Igi ló ń tì sínú iná."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Mo ti igi tán, mo bá tèmi lọ. Apá tí òjò fọ̀ wá dé, mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n yàtọ̀, àfi ìgbà tí mo gbọ́ "àmín" tí ọwọ́ mi sì dúró fúnra rẹ̀.

Àlùfáà Sàníù ló kọ́kọ́ bi mí pé, "Màmá, wọ́n ní òjò fọ wàláà yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ wá rí i pé wàláà náà ti tó fọ̀ kí òjò tó fọ̀ ọ́?"

Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọ ọdún méjìlá.

Ẹ má rò pé ayé wá dẹrùn. Bẹntiróòlù kò dé. Awọ ojú mi kò ká. Lọ́jọ́ kejì, tó ku ọ̀la tí wọ́n máa wé láwàní fún mi, èmi àti Ìyálé la wà nídìí agbada lábẹ́ páànù tá a fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀, tá à ń yan ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù lẹ́yìn òjò. Obìnrin inú orí mi náà wà níbẹ̀. Ó ní ká tilẹ̀ sọ pé mo ṣe é, kí ni n óò jẹ lọ́jọ́ Àìkú? Mo ní kó sún àpótí rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń dí mi lọ́wọ́.

Ìyálé kò gbójú sókè. "Ibi tí o ti máa ń dúró ti igi sí iná yẹn," ni wọ́n wí, "ẹsẹ náà kò tíì parí níbẹ̀. Ó ku gbólóhùn kan."

Mo ní, "Ìyálé mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe wólíìmọ̀ yín tipẹ́, ẹ ò lè ṣàì mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ṣe é?"

Mo gbójú sókè. Wọn ò wò mí. Igbá ọwọ́ wọn ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ sósì, ètè wọn sì ń mì wúyẹ́wúyẹ́ láìsí ohùn. Iná tiwọn ti ń kú. Mo fa igi kan yọ nínú tèmi, mo tì í sí i, kí wọ́n má baà dúró.