Ọwọ́ Alhaji àti Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó

Lọ́dọ̀ àwa tí a ń tún alùpùpù ṣe ní Bẹ́yẹrúnkà, òfin kan wà: ẹni tó bá tún bíréèkì ṣe ni yóò kọ́kọ́ gun alùpùpù náà sọ̀kalẹ̀ láti òkè Màpó. Tí kò bá dúró, orí ara rẹ̀ ló máa fọ́. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí òfin yìí gba alùpùpù lọ́wọ́ àgbàlagbà kan.

Alhaji Sàláúdéènì ni. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ránṣọ ní Ọjà'ba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sílé wọn ní Pópó Yemọja. Ọdún 1979 ni wọ́n ra alùpùpù náà ní tuntun. Àìsàn kan mú wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó gba agbára díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ló sì ń fa bíréèkì iwájú.

Bíréèkì wá já wọn kulẹ̀ ní Bẹẹrẹ, wọ́n kọ lu ògiri. Mikail, àkọ́bí wọn, ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ti rí ọkùnrin kan ní Òkè Bọ́lá tó ń kó alùpùpù àtijọ́ jọ, tó sì fẹ́ rà á. Bàbá àti ọmọ fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi fẹnu kò: bí Alhaji bá lè sọ̀kalẹ̀ láti Màpó, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá a dúró kí wọ́n tó dé ìlà tí Mikail máa fi ṣọ́ọ̀kì fà, alùpùpù ò lọ síbì kankan. Bí wọn ò bá lè dá a dúró, ó di ti ará Òkè Bọ́lá.

Èmi ni wọ́n gbé e wá bá. Mo rí àrùn rẹ̀ kíá: másítà ń jò. Másítà ni nǹkan kékeré tó wà nídìí ọwọ́ bíréèkì. Tí o bá fa ọwọ́ bíréèkì, òun ló ń ti ọ́ìlì gba inú rọ́bà lọ bá kálípà nísàlẹ̀, kálípà á wá fún dísíìkì iwájú mọ́ra títí táyà á fi dúró. Mo lọ bá Oyèdélé tó ń ta ẹ̀yà alùpùpù tòkunbọ̀. Èyí tó tú lára alùpùpù oní-dísíìkì méjì ló gbé fún mi. Ti Alhaji, dísíìkì kan ló ní.

"Màámi," ó ní, "ẹ wo bó ṣe sanra. Èyí tó bá tóbi ló lágbára. Erin kì í ṣe ẹgbẹ́ ewúrẹ́."

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń fi erin júwe irin kò mọ irin. Síbẹ̀ mo rà á.

Mo dè é, mo gùn ún sọ̀kalẹ̀ láti Màpó. Ọwọ́ bíréèkì le bí igi, ṣùgbọ́n ó dúró. Mo rò pé líle yẹn ni agbára. Mo ní kí Alhaji máa bọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn àti Mikail dé. Alhaji gun òkè lọ, wọ́n yí orí alùpùpù padà, wọ́n ń bọ̀. Mo rí i tí wọ́n fa bíréèkì. Kò mú. Wọ́n tẹ ti ẹ̀yìn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn nìkan kò tó fún Màpó. Wọ́n kọjá ìlà, wọ́n wọ inú yanrìn tí àwọn bírìkìlà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Yanrìn yẹn ló gbà wọ́n. Wọn ò fara pa.

Mikail ò pariwo. Ó gbọn yanrìn kúrò lára bàbá rẹ̀, ó ní ará Òkè Bọ́lá á wá gbé e lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Alhaji wá bá mi níbi tí mo dúró sí.

"Kúbúrá, má bínú," wọ́n ní. "Iṣẹ́ rẹ dáa. Ọwọ́ mi ló ti kú."

Ó sàn kí wọ́n gbá mi létí ju kí wọ́n bẹ̀ mí lọ.

Mo tú másítà náà, mo gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 17 ló wà lára èyí tí mo rà, 14 ló wà lára ti àtijọ́: bí ihò inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn. Mo ti rí nọ́ńbà yẹn tẹ́lẹ̀, mi ò kà á sí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí; ohun tí kò bá yé mi, àfi kí n fojú rí i. Mo ra sírínjì méjì ní kẹ́míìsì, ńlá kan, kékeré kan. Mo fi rọ́bà so ẹnu wọn pọ̀, mo fa omi sí wọn. Mo tì í síhìn-ín, mo tì í sọ́hùn-ún, ó yé mi. Màpó ò parọ́ fún mi. Ọwọ́ mi ló parọ́. Ọwọ́ tó ti di sípánà mú fún ogún ọdún, kí ni kò lè fà?

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sí Pópó Yemọja. Mo sọ ọ́ lójú Mikail pé kì í ṣe ọwọ́ bàbá rẹ̀, èmi ni mo ṣe é. Ó rò pé mo kàn ń gbè sẹ́yìn bàbá ni. Mi ò bá a jiyàn. Mo fi sírínjì kékeré sọ́wọ́ ọ̀tún Alhaji, mo fi ńlá sọ́wọ́ Mikail, mo ní kó fi àtàǹpàkò dá a dúró, kó má jẹ́ kó jáde.

Alhaji tì í. Àtàǹpàkò Mikail bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Ó fi èkejì kún un, ó ṣì ń padà.

"Bàbá, ẹ má fi gbogbo ara tì í báyẹn," ó ní.

"Èmi tí mò ń rọra ṣe é? Ṣé kí n wá tì í gan-an?"

Mo ní kí wọ́n pààrọ̀. Alhaji fi ọwọ́ kan náà ti ńlá, ojú wọn pọ́n. Mikail fi ìka kan dá kékeré dúró, kò mira.

"Ńlá yìí ni mo dè fún wọn," mo sọ fún un.

Ó gbé sírínjì kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ tún un ṣe," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìlà mi ò ní kúrò níbi tó wà o."

Mo rí 14 kan lára alùpùpù tó ti kú ní Òkè Padre. Mo pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀, mo dè é, mo lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ́ìlì. Ọwọ́ bíréèkì wá ń rìn jìnnà ju ti 17 lọ, ó sì rọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kò lágbára. Mo gùn ún sọ̀kalẹ̀ láti Màpó, ìka méjì péré ni mo fi fà á, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ó dúró.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ará Òkè Bọ́lá ti gbé ọkọ̀ àti okùn dé. Alhaji gun òkè lọ láì wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń bọ̀. Wọ́n fà á. Imú alùpùpù tẹrí ba díẹ̀, ó dúró kó tó dé ìlà. Àlàfo tó wà láàárín táyà àti ìlà, èèyàn lè tẹ́ ẹní ìrun sí i.

Alhaji yí i padà, wọ́n tún gùn ún lọ sókè, wọ́n tún sọ̀kalẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì jìnnà sí ìlà ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mikail fi bàtà nu ṣọ́ọ̀kì náà. Ó lọ bẹ ará Òkè Bọ́lá pé kó má bínú, ó sì padà wá dúró níwájú bàbá rẹ̀.

"Gun ẹ̀yìn ká lọ sílé," Alhaji ní. "Ká ẹsẹ̀ rẹ dáadáa o. O ti ga ju ìgbà tí mo ń gbé ọ lọ sílé kéú lọ."

Ó gùn ún. Mo ń wo ọwọ́ ọ̀tún Alhaji títí wọ́n fi dé kọ́nà. Ìka méjì péré ló wà lórí bíréèkì.